Lẹ́tà ṣíṣí sí Kọmíṣọ́nà wa: igbó ọba tí ẹ ní kò sí nǹkan níbẹ̀ mọ́, ta ló bá yín kà á?

Sí Kọmíṣọ́nà tó ń mójú tó igbó ọba (igbó tí ìjọba yà sọ́tọ̀) ní ìpínlẹ̀ wa, àti gbogbo ẹ̀yin ọ̀gá tó wà lọ́fíìsì náà,

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú o. Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, àmọ́ mi ò ní fa ìkíni gùn torí ọ̀rọ̀ yìí ń gbóná lára wa. Mi ò dárúkọ yín, mi ò sì dárúkọ ìpínlẹ̀. Bí mo bá dárúkọ tiwa, àwọn ìpínlẹ̀ tó múlé tì wá á rò pé tiwọn sàn, bẹ́ẹ̀ aṣọ kan náà ni gbogbo wa jọ wọ̀ lórí ọ̀rọ̀ igbó ọba.

Ohun tó bí lẹ́tà yìí ni mítìǹgì tí àwọn èèyàn yín wá ṣe pẹ̀lú àwọn ará abúlé tó wà létí igbó. Wọ́n ní ìjọba fẹ́ gé apá kan nínú igbó ọba fún kọ́ńtíráátọ̀ tó máa gbin ọ̀pẹ síbẹ̀. Bàbá àgbà kan dìde, ó ní igbó tó wà níbẹ̀ ńkọ́? Ọ̀gá tó ń bá wa sọ̀rọ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní igbó wo, ó ní igbó yẹn ti bàjẹ́ tipẹ́, kò sí nǹkan gidi níbẹ̀ mọ́. Wọ́n ní ká kọ orúkọ wa sílẹ̀ pé a wá sí mítìǹgì, wọ́n pín búrẹ́dì àti mínírà, wọ́n wọ mọ́tò wọn, ó parí.

Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa tẹ̀lé àwọn tó ń ka igi wọ igbó. Okùn la fi ń pín ilẹ̀, téèpù la fi ń wọn igi, a ó kọ orúkọ ẹ̀ sílẹ̀, a ó já ewé ẹ̀ dání. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ "kò sí nǹkan níbẹ̀" fi dùn mí wọra. Ṣé ẹ kà á ni? Ta ló kà á? Ọdún wo? Ìwé ẹ̀ dà?

1. Gẹdú lẹ̀ ń kà, ẹ ò tíì ka igbó

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fúnra wa. Bí fọ́rẹ́sítà bá wọ igbó ọba, igi tó ti tó gé ló ń wò, ìyẹn ọ̀ganwó, ìrókò, arère, àfàrà, òpèpè, apá. Á wo èyí tó ti tó ìwọ̀n, á gba owó, á fi hámà òǹtẹ̀ lù ú, lọ́rí á gbé e. Lọ́jọ́ tí àwọn igi ńláńlá yẹn bá tán, ìwé ọ́fíìsì á sọ pé igbó ti tán. Bí ẹni tó ní ìsọ̀ ńlá, tó ka kìkì fíríìjì tó wà níbẹ̀, nígbà tí fíríìjì tán ó ní ìsọ̀ ti ṣófo, ó fẹ́ tà á ní gbàǹjo.

Kíka igbó yàtọ̀ sí i. Ẹ ó mú ilẹ̀ hẹ́kítà kan, mítà 100 sí mítà 100, ẹ ó fi okùn pín in sí ojú ilẹ̀ 25, ọ̀kọ̀ọ̀kan á jẹ́ mítà 20 sí mítà 20. Gbogbo igi tí ìbú ẹ̀ bá ti tó sẹ̀ǹtímítà 10 níbi tó bá àyà èèyàn dọ́gba, ìyẹn mítà 1.3 láti ilẹ̀, ẹ ó wọ̀n ọ́n, ẹ ó kan páànù kékeré tó ní nọ́ńbà mọ́ ọn lára, yálà ó wúlò fún onígẹdú tàbí kò wúlò. Igi tí gbòǹgbò ẹ̀ bá ta apá sílẹ̀ bí ògiri, bíi àràbà, ẹ ó gbé àkàsọ̀ tì í, ẹ ó wọ̀n ọ́n lókè ibi tí ògiri yẹn parí sí, torí bí ẹ bá wọ̀n ọ́n nísàlẹ̀ irọ́ ni téèpù máa pa fún yín.

Orúkọ ẹ̀ wá ni wàhálà. Ewé wà lókè réré, mítà 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ojú ò tó o. Àdá la fi ń bẹ̀rẹ̀. A ó bẹ́ èèpo ẹ̀ díẹ̀, a ó dúró, a ó wo ohun tó máa jáde. Ìrókò á da wàrà funfun, ahùn náà á da tiẹ̀, ìrẹ́ náà bẹ́ẹ̀, akòmu á sun omi pupa bí ẹ̀jẹ̀, inú èèpo ọ̀ganwó á pọ́n díẹ̀, á sì korò bí ẹ bá fi ahọ́n kàn án. Bàbá ọdẹ kan wà tó máa ń bá wa rìn, èèpo yẹn ló kọ́kọ́ máa ń gbé sí imú kó tó fi ojú wò ó, ó sì máa ń dárúkọ igi náà kí àwa tá a lọ yunifásítì tó ṣí ìwé. Síbẹ̀ a ó fi ọ̀pá gígùn já ẹ̀ka ẹ̀, a ó tẹ́ ewé náà sáàárín ìwé ìròyìn àtijọ́, a ó dè é pinpin, a ó sá a, a ó kọ ibi tá a ti já a àti ọjọ́ tá a já a mọ́ ọn. Ìbàdàn ló ń lọ. Ní Jẹ́ríkò, lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣèwádìí igbó fún ìjọba àpapọ̀, ilé kan wà tí wọ́n ń kó ewé gbígbẹ bẹ́ẹ̀ pamọ́ sí, èyí tó wà níbẹ̀ lé ní 100,000. Ìbàdàn ò jìnnà sí yín o, ọ̀gá. Ẹni tó bá jiyàn pé igi kan kì í ṣe ohun tá a pè é, kó lọ wò ó níbẹ̀, torí orúkọ tí ẹnikẹ́ni ò lè padà lọ yẹ̀ wò, ẹnu lásán ni.

Kí ẹ má baà sọ pé iṣẹ́ òyìnbó ni, nínú igbó Korup ní Kamẹrúùnù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́dà wa níbí, wọ́n sàmì sí hẹ́kítà 50, wọn ò tiẹ̀ dúró lórí sẹ̀ǹtímítà 10, láti orí igi tí ìbú ẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 1 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ kíkà. Oríṣi igi tí wọ́n bá níbẹ̀ lé ní 490. Ní Nàìjíríà wa yìí, ní Ngel Nyaki lórí òkè Mambilla ní Ìpínlẹ̀ Taraba, pulọ́ọ̀tì kan (ìyẹn ilẹ̀ tí wọ́n sàmì sí fún kíkà) wà tó lé ní hẹ́kítà 20 tí wọ́n ń kà lọ́nà kan náà. Igbó orí òkè nìyẹn, kò jọ tiwa, àmọ́ ẹnì kankan ò lè sọ fún wa pé kò ṣeé ṣe lórílẹ̀-èdè yìí. Tiwa ńkọ́?

2. Ohun tí ìwé gẹdú yín ò lè rí

Èyí ló ń dùn mí jù nínú gbogbo ẹ̀, ẹ jẹ́ kí n rọra sọ ọ́.

Pákò Ìjẹ̀bú tí ẹ fi rin ẹnu láàárọ̀, igi wẹ́wẹ́ ni, abẹ́ òjìji igi ńlá ló ń gbé, kò lè tó ìwọ̀n gẹdú láéláé. Ewé mọ́ínmọ́ín, tí àwọn kan ń pè ní ewé ẹẹ́ran, kì í tilẹ̀ ṣe igi, ilẹ̀ igbó ló ń tẹ́ ara ẹ̀ sí. Àwọn ìyá tó ń já a wọ ìlú pẹ̀lú ẹrù lórí, owó ilé ìwé ọmọ wọn ló ń tà yẹn. Èso pupa tó máa ń so ní ìdí ẹ̀, nílẹ̀ẹ́lẹ̀, ohun kan wà nínú ẹ̀ tí wọ́n ń pè ní thaumatin tó dùn ju ṣúgà lọ ní ìlọ́po 2,000 ó kéré tán, àwọn iléeṣẹ́ lókè òkun ń fi sí oúnjẹ, àwọn ọmọ wa ń pọ́n ọn lá lásán lójú ọ̀nà oko. Àfi kí ẹ lọ bá ọ̀gá tó ní "kò sí nǹkan níbẹ̀" yẹn, kí ẹ bi í bóyá ó ti tọ́ ọ wò rí.

Ẹ tún wo ìyẹ̀rè, àjàrà ni, igi ló ń gùn, ẹ gé igi ẹ gé ìyẹ̀rè. Atare wà nísàlẹ̀. Ẹ̀ẹ̀rù tí àwọn ìyá ń fi sí àgbo àti ọbẹ̀ ọlọ́mọ tuntun wà níbẹ̀. Agbáyun wà níbẹ̀, èyí tí ẹ bá lá tán tí ẹ mu ọsàn wẹ́wẹ́ lé e, á dùn bí oyin. Orógbó wà níbẹ̀. Aṣofẹ́yẹjẹ wà níbẹ̀, egbòogi tí àwọn baba wa fi ń tọ́jú wèrè látọdúnmọ́dún, reserpine tí àwọn dókítà lò gan-an nígbà kan fún ẹ̀jẹ̀ ríru sì wà nínú gbòǹgbò ẹ̀. Igi ọmọ̀ tí àwọn àyàn fi ń gbẹ́ ìlù, ẹ lọ bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń wá a kiri báyìí.

Ìkankan nínú àwọn wọ̀nyí ò sí nínú ìwé gẹdú. Kì í ṣe pé wọn ò sí nínú igbó o, ẹnì kankan ò bèèrè wọn ni. Téèpù tó ń bẹ̀rẹ̀ láti sẹ̀ǹtímítà 10 náà á fò wọ́n kọjá, ìyẹn ló fi jẹ́ pé ẹni tó bá mọ iṣẹ́ máa ń sàmì sí ojú ilẹ̀ kéékèèké mìíràn nínú pulọ́ọ̀tì náà, mítà 1 sí mítà 1, á kúnlẹ̀, á ka gbogbo ohun tó hù níbẹ̀, koríko, irúgbìn igi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ewé méjì, gbogbo ẹ̀. Ìdọ̀bálẹ̀ àti ìkúnlẹ̀ pọ̀ nínú iṣẹ́ wa (ẹ̀fọn ibẹ̀ náà ò gbẹ́yìn). Àmọ́ níbẹ̀ lẹ ti máa mọ̀ bóyá igbó ń bímọ tàbí ó ti yàgàn.

3. "Ó ti bàjẹ́" kì í ṣe ìdájọ́ ikú

Ní Òkómù ní Ìpínlẹ̀ Ẹdó, E. W. Jones, onímọ̀ nípa igbó, gbẹ́lẹ̀ lábẹ́ igbó kìjikìji tí gbogbo ayé rò pé ẹnì kankan ò fọwọ́ kàn rí. Èédú àti àpáàdì ló bá níbẹ̀. Àwọn èèyàn ti gbé ibẹ̀ rí, wọ́n ti dáko níbẹ̀ rí, wọ́n kúrò, igbó sì padà wá jókòó sáàyè ẹ̀. Ó kọ ọ́ jáde ní 1955 àti 1956, kì í ṣe àṣírí. Ní Ìbàdàn náà, wọ́n dá IITA, iléeṣẹ́ tó ń ṣèwádìí ohun ọ̀gbìn, sílẹ̀ ní 1967, wọ́n fi apá kan ilẹ̀ wọn sílẹ̀ láìfọwọ́ kàn án, apá yẹn tó nǹkan bíi hẹ́kítà 350 báyìí, igbó tó ṣú dùdù láàárín ìgboro, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti ń dáko níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Nítorí náà tí ẹ bá ní igbó ti bàjẹ́, ìbéèrè tó kàn ni pé kí ló ṣẹ́kù tó lè tún un ṣe? Ìyẹn gan-an ni kíkà ń sọ fún èèyàn. Ẹ mú ìrókò. Akọ ẹ̀ ọ̀tọ̀, abo ẹ̀ ọ̀tọ̀. Ẹ lè ní ìrókò mẹ́rin nínú igbó kan kí gbogbo wọn jẹ́ akọ, irúgbìn ò ní jáde láéláé, ìwé gẹdú yín á ṣì máa sọ pé ìrókò wà. Bí abo bá sì wà, àdán ló ń jẹ èso ẹ̀ tó ń gbé irúgbìn ẹ̀ lọ sọ́nà jíjìn, ẹ lé àdán lọ, ẹ ti lé ìrókò ọ̀la lọ nìyẹn. Ẹ má sì sọ pé ẹ máa gbìn ín padà ní ìlà-ìlà bí ẹ ṣe ń gbin tíìkì. Kòkòrò kékeré kan wà tó ń jẹ́ Phytolyma, tó bá ti rí ìrókò wẹ́wẹ́ tó pọ̀ lójú kan, á mú kí ewé ẹ̀ wú kókó-kókó, lẹ́yìn náà orí ẹ̀ á rà, ohun tó pa ọ̀pọ̀ oko ìrókò tí àwọn ìjọba ti gbìyànjú ẹ̀ nìyẹn.

4. A ti ṣe irú ẹ̀ rí

Ẹ wo igbó ọba Omo ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, ó lé ní hẹ́kítà 130,000. Ní 1946 wọ́n ya ibì kan sọ́tọ̀ níbẹ̀, nǹkan bíi hẹ́kítà 460, pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án, ní 1977 UNESCO náà fọwọ́ sí i. Èyí tó dáa nìyẹn. Àmọ́ nínú igbó kan náà, wọ́n gé ọ̀pọ̀ hẹ́kítà igbó gidi, wọ́n fi mẹláínà rọ́pò ẹ̀, igi tó wá láti Éṣíà, torí pé wọ́n fẹ́ fi ṣe bébà ní Ìwòpin. Bébà yẹn dà? Mẹláínà ló kù.

Ẹ tún gbọ́ èyí. Ní 1935, nígbà tí òyìnbó ṣì ń ṣèjọba lé wa lórí, Paul Richards àti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ láti Yunifásítì Cambridge wá sí igbó ọba Ṣaṣa, tó tan mọ́ Omo yìí, wọ́n fi okùn pín ilẹ̀, wọ́n ka igi ibẹ̀, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1939. Nítorí náà ó lé ní 80 ọdún tí a ti ní ohun tí a lè fi wé. Àlejò ló kà á, ẹ̀yin onílé ló ni ín, ẹ ò tún un kà kí ẹ tó máa fi ẹnu ṣírò ẹ̀.

Ẹ má fi sátẹ́láìtì dá mi lóhùn o. Mo mọ̀ pé ẹ ní fọ́tò rẹ̀ lára ògiri ọ́fíìsì. Láti òkè, oko kòkó tó dàgbà tútù, mẹláínà tútù, igbó gidi tútù. Sátẹ́láìtì máa sọ fún yín pé igi wà, kò lè sọ pé orógbó wà.

5. Àwáwí tí mo mọ̀ pé ó ń bọ̀

Owó. Ẹ máa ní kò sí nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì. Okùn, téèpù, páànù, ọ̀dà, ìwé ìròyìn àtijọ́, bàtà òjò, oúnjẹ, owó ọdẹ, owó àwọn ọmọ yunifásítì tó ń wá ibi tí wọ́n máa ti ṣe iṣẹ́ àṣekágbá. Ẹ kó gbogbo ẹ̀ jọ, kò tó owó jíìpù kan tó gbé ẹ̀yin ọ̀gá wá sí mítìǹgì yẹn. Èrò tèmi nìyẹn, ẹ bá mi ṣírò ẹ̀ kí ẹ já mi nírọ́.

Ajínigbé. Òótọ́ ni, ẹ̀rù ń bà wá náà, a kì í wọ igbó láìsí ọdẹ àti àwọn fijilánté. Àmọ́ àwọn onígẹdú ń wọ igbó yẹn lójoojúmọ́, pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì tó ń hó, wọ́n ń jáde pẹ̀lú lọ́rí lóru. Ó jọ pé ẹni tó fẹ́ kà nìkan ni igbó léwu fún.

Àkókò. Ẹ máa ní kọ́ńtíráátọ̀ ò lè dúró. Igbó yẹn dúró dè wá látayé baba wa.

6. Ohun tí a ń béèrè

Kí ẹ dá gbogbo páàmítì lórí apá igbó tí ẹ fẹ́ gé yẹn dúró títí kíkà fi máa parí. Kì í ṣe páàmítì ọ̀pẹ nìkan, ti gẹdú náà.

Kí kọ́ńtíráátọ̀ má lọ́wọ́ nínú ẹni tó máa kà á. Ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ kọ́ ló ń sọ ohun tó wà nínú ẹ̀.

Kí wọ́n ṣẹ́ gègé yan ibi tí pulọ́ọ̀tì máa wà. Mo tẹnu mọ́ èyí torí mo ti rí i tí wọ́n sàmì sí ẹ̀bá ọ̀nà lọ́rí, níbi tí onígẹdú ti pa run, tí wọ́n wá ní igbó ò ní nǹkan. Nínú igbó bíi tiwa, ọ̀pọ̀ oríṣi igi ló jẹ́ pé ẹyọ kan péré lẹ máa bá nínú hẹ́kítà kan, òmíràn ẹ ò ní bá a rárá àfi tí ẹ bá lọ sí ìkejì tàbí ìkẹta. Níwọ̀n ìgbà tí pulọ́ọ̀tì tuntun bá ṣì ń mú orúkọ tuntun wọ inú lísìtì, ẹ ò tíì kà tán. Kí wọ́n lọ létí odò, kí wọ́n lọ sórí ilẹ̀ gíga, kí wọ́n lọ síbi tí àkúrọ̀ wà, torí ohun tó ń hù níbẹ̀ ò jọra.

Kí wọ́n wọlé lẹ́ẹ̀mejì, ní ìgbà òjò àti ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀. Arère àti àràbà ń wọ́ ewé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, igi mìíràn sì wà tó jẹ́ pé òdòdó ẹ̀ nìkan lèèyàn fi lè dá a mọ̀ yàtọ̀ sí ìbejì ẹ̀.

Kí wọ́n ka èyí tó kéré pọ̀ mọ́ èyí tó ga, àjàrà, àfòmọ́, ewé ilẹ̀. Kí ọdẹ àti àwọn ìyá eléwé bá wọn wọlé, kí wọ́n sanwó fún wọn bí wọ́n ṣe ń sanwó fún ọ̀mọ̀wé, kí wọ́n kọ orúkọ ẹni tó dá igi mọ̀ sórí ìwé tó bá ewé yẹn lọ sí Ìbàdàn.

Kí ẹ lẹ lísìtì náà mọ́ ara ògiri káńsù àti ààfin, pẹ̀lú orúkọ Yorùbá, kí àwọn tó ń gbé létí igbó lè kà á, kí wọ́n lè sọ pé ẹ gbàgbé eléyìí.

Kí ẹ fi páànù nọ́ńbà sílẹ̀ lára igi, kí ẹ padà lọ kà á lẹ́yìn ọdún márùn-ún. Ní erékùṣù Barro Colorado ní Panama, ọdún 1980 sí 1982 ni wọ́n kọ́kọ́ ka hẹ́kítà 50 wọn, láti ìgbà náà wọ́n ti ń padà síbẹ̀ ní nǹkan bíi ọdún márùn-ún márùn-ún, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi lè sọ èyí tó kú, èyí tó dàgbà, èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé.

Wọ́n ti ń sọ lábúlé pé katapílà máa wọlé nígbà tí òjò bá dáwọ́ dúró. Kó tó di ìgbà náà, bí lísìtì ohun tó wà nínú igbó yẹn bá wà lọ́fíìsì yín, ẹ gbé e síta ká jọ kà á. Bí kò bá sí, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sí, kí ẹ fọwọ́ sí i, kí ẹ kọ déètì sí i, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí báálẹ̀ wa àti àwọn aṣòfin tó ń ṣojú wa, torí àwọn náà máa rí ẹ̀dà lẹ́tà yìí. Àwa tá a ń ka igi ti ṣe tán láti wọlé lọ́jọ́ tí ẹ bá ní ká wá, okùn wà nílẹ̀, ọdẹ ti gbà.

Èmi ni tiyín,
ọ̀kan nínú àwọn tó ń ka igi